Ta Ni Yóò Ró Ìró Ìyálé?

Ìyàwó mi kò fi májèlé sínú ọbẹ̀ ẹnikẹ́ni rí. Ìyẹn ni mo ní láti kọ́kọ́ sọ, nítorí láti Sàngó títí dé Itele, àwọn èèyàn ṣì wà tí ọ̀rọ̀ náà kò yé. Òṣèré ni ìyàwó mi. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí tó ṣe ìyálé burúkú kan nínú fíìmù, obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ìyàwó tuntun tí ọkọ rẹ̀ gbé wọlé, tó sì ń bu nǹkan sínú ọbẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Wọn ò pè é ní orúkọ kankan nínú fíìmù náà ju Ìyálé lọ. Láti ìgbà náà, Ìyálé ni gbogbo èèyàn ń pè é, títí dórí àwọn tó ń ta omi inú ọ̀rá ní àdúgbò wa ní Ilo-Awela. Èmi wá di ọkọ Ìyálé. Bí mo bá ń kọjá, wọ́n á kí mi kú ìfaradà.

Ojú mi rí nǹkan. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì àti abọ́ onírọ́bà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ní Sàngó. Bí a bá jókòó láti jẹun ọ̀sán, tí mo ṣí kúlà oúnjẹ mi, gbogbo àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ á máa wo ẹnu mi bí mo ṣe ń jẹ. Ọkùnrin kan wà láti Ọ̀ṣun, ẹ̀rọ tirẹ̀ àti tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n kò fi ìka kan ọbẹ̀ ìyàwó mi rí. Ó máa ń ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má rò pé mò ń bẹ̀rù o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni." Irọ́ gbuu ni. Mò ń gbọ́ bí inú rẹ̀ ṣe ń kùn. Ìyàwó mi sì mọ ọbẹ̀ sè ju gbogbo obìnrin tí mo mọ̀ lọ. Èmi nìkan ni mo ń dá jẹ ẹran mi tẹ́rùn nínú ilé iṣẹ́ náà, kò sẹ́ni tó ń tọrọ lọ́wọ́ mi, ìyẹn náà sì dùn mọ́ mi.

Kì í ṣe májèlé gan-an ló sọ Ìyálé di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Ìró rẹ̀ ni. Bí nǹkan bá bí Ìyálé nínú, kì í pariwo, kì í bú èèyàn. Á tú etí ìró rẹ̀, á nà án, á tún un ró pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á wá fi ọwọ́ lu ibi tó há etí aṣọ náà sí, pẹ́pẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò rẹ́rìn-ín, tí yóò fi ohùn tútù sọ pé, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ bí ẹ ṣe ń ṣe é." Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, kí ìyàwó kékeré tètè máa kó ẹrù rẹ̀ ni. Mo ti rí obìnrin tó ń fi ṣe kọ̀ndọ́kítọ̀ ní gáréèjì. Àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí gé e kúrò nínú fíìmù, wọ́n sọ ọ́ di sítíkà orí fóònù. Ọmọ tí a bí sílé fi ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ kan nígbà tí mo ní n kò ní bá wọn lọ síbi ìkómọ kan. Ìyá rẹ̀ ló fi ń halẹ̀ mọ́ mi.

Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ fún un pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe fíìmù nígbà náà, dáréktọ̀ á kó àwọn òṣèré jọ, á sọ ìtàn fún wọn, á ní, "Ìwọ, inú ń bí ọ, o ò sì fẹ́ kó hàn. Ó yá." Kámẹ́rà á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ohun tó bá wá sí oníkálukú lẹ́nu ni yóò sọ, ohun tó bá wá sí ọwọ́ rẹ̀ ni yóò ṣe. Ìró yẹn ló wá sí ọwọ́ ìyàwó mi lọ́jọ́ náà. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé irú nǹkan báyìí tó bá ti inú ara ẹnì kan jáde, a kò lè ṣàdédé gbé e fún ẹlòmíràn bí ẹni gbé àga.

Mo sọ ọ́ títí ẹnu fi ro mí, nítorí pé dáréktọ̀ fíìmù náà wá sílé wa lọ́dún tó kọjá. Irun rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n ó ṣì dọ̀bálẹ̀ fún wa bó ṣe yẹ. Ó ní àwọn fẹ́ ṣe fíìmù mìíràn nípa Ìyálé, ohun tó ṣẹlẹ̀ kí èyí tí a mọ̀ tó ṣẹlẹ̀: ìgbà tó jẹ́ ìyàwó tuntun, tí kò tíì ní orogún, tí kò tíì mọ ibi kankan. Ojú ìyàwó mi tàn. Ó ti ń wo ibi tí ìwé ìrìnnà rẹ̀ wà, bíi pé òkè òkun ni wọ́n ti fẹ́ ya fíìmù náà. Ọkùnrin náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í họ orí.

Ó ní, "Mọ́mì, ọmọdébìnrin kan la fẹ́ kó ṣe é. Ẹ̀yin lẹ máa ṣe ìyá ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá yọ̀ǹda, a ò ní ṣe é rárá. Ẹ̀yin ni Ìyálé."

Ìyàwó mi dìde. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó nà án, ó tún un ró, ó lù ú pẹ́pẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ bí ẹ ṣe ń ṣe é."

Dáréktọ̀ kò mu omi tí a gbé fún un tán. Òun ló kúkú ṣe fíìmù yẹn, ó mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn gbólóhùn náà.

Inú bí mi ju bó ṣe bí ìyàwó mi lọ. Mo ti fẹ̀yìn tì ní ilé iṣẹ́, ọjà rọ́bà ni mò ń tà níwájú ilé wa báyìí, nítorí náà mo ní àyè láti bínú láti àárọ̀ dalẹ́. Gbogbo ẹni tó bá wá ra abọ́ ni mo ń bi pé ṣé ó bójú mu kí wọ́n gba Ìyálé lọ́wọ́ ẹni tó bí i. Ọkùnrin tó ń lẹ táyà ní òdìkejì títì ni kò gbà fún mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ta ló fẹ́ rí ìyàwó tuntun tí eegun orúnkún ń dùn?" Mo ní eegun kì í hàn nínú fíìmù. Ó rán mi létí òṣèré àgbà kan tó wọ ṣòkòtò péńpé, tó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, tó ní ọmọ iléèwé ni òun, tí àwa méjèèjì jọ fi rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Mo lọ to bọ́kẹ́ẹ̀tì mi tí kò nílò títò.

Ìyàwó mi náà dán an wò. Mo wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá a níwájú dígí, ó ti kun àtíkè, ó ti de irun onírun mọ́rí, ó fi aṣọ bojú díẹ̀ bí ìyàwó tí wọ́n ń sin lọ ilé ọkọ. Ó ní, "Dádì, ẹ wò mí dáadáa. Kí lẹ rí?" Mo wò ó. Ó wù mí, ó ti ń wù mí láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ni mo sọ. Mo ní, "Ìyá ìyàwó ni mo rí. Ìyàwó ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn." Ó sọ ìgò àtíkè lù mí, ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rín náà wá tán lójú rẹ̀.

Ó ní, "Bí ẹlòmíràn bá di Ìyálé, ta wá ni èmi? Kò sẹ́ni tó mọ̀ mí sí nǹkan mìíràn. Mo ṣe fíìmù púpọ̀, wọ́n ti gbàgbé gbogbo wọn. Èyí nìkan ló kù."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun. Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ ẹni tó yẹ àti ẹni tí kò yẹ là ń sọ. N kò mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á pé orúkọ tí wọ́n fi ń kí i ní ìta yóò kúrò lórí rẹ̀ nígbà tó ṣì wà láàyè, tó ń gbọ́.

Ọmọdébìnrin náà wá fúnra rẹ̀. Itele ló ti wá, kò sẹ́ni tó rán an. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun kò wá bẹ̀bẹ̀ fún ipa náà, òun kàn fẹ́ rí ọwọ́ Mọ́mì ní ojúkorojú kí wọ́n tó ní kí òun má ṣe é mọ́. Mo fẹ́ lé e. Ìyàwó mi ní kó wọlé, kó jẹ́ kí òun rí bó ṣe ń ṣe é. Ó ṣe é. Hàà! Ọmọ náà ń tú ìró bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ. Ìyàwó mi kò mọ ìgbà tó ní, "Rárá, rọra. O ò tíì bínú, o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ronú sí i ni." Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ náà lọ, ó tún padà wá, ó tún padà wá, ó ń bá wa gbálẹ̀, ó ń jẹ ọbẹ̀ wa láìbẹ̀rù. N kò lè bínú sí ẹni tó ń jẹ ọbẹ̀ ìyàwó mi bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìró náà kò wọ ọwọ́ rẹ̀. Ìyàwó mi kò sì tíì sọ bẹ́ẹ̀ ni fún dáréktọ̀, kò tíì sọ rárá.

Lọ́jọ́ kan ọmọ náà ní, "Mọ́mì, níbo gan-an lẹ ti rí i?"

Ìyàwó mi wò mí. Èmi wo òkè àjà.

Lára ìyá mi ló ti rí i. Ìyá tó bí mi lọ́mọ, tó ń gbé ní Alápòtí títí di òní. Bí Màmá bá wá kí wa, tí wọ́n sì rí ohun tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn, bóyá ìyàwó mi ń sùn títí oòrùn fi yọ, wọn kì í bá a jà. Wọ́n á tú ìró, wọ́n á tún un ró, wọ́n á lù ú pẹ́pẹ́, wọ́n á ní àwa la mọ̀ bí a ṣe ń ṣe é. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ wo fíìmù náà ní pálọ̀ wa, mo dá ìyá mi mọ̀ kí gbólóhùn náà tó parí. Mo yíjú sí ìyàwó mi, ó ti fi ìrọ̀rí bojú. A jọ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ẹ̀rù bà wá. Kí ìyàwó ilé mú ìṣe ìyá ọkọ rẹ̀, kó fi ṣe obìnrin burúkú, kí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá máa wò ó! Bí Màmá bá mọ̀, mo lè kó ẹrù mi lọ sí àárín àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ohun tó fi wá lọ́kàn balẹ̀ ni pé Màmá fúnra wọn kò dá ara wọn mọ̀. Wọ́n fẹ́ràn fíìmù náà gan-an. Bí Ìyálé bá ti yọ, wọ́n á ní, "Ẹ wo obìnrin burúkú yìí!" Wọ́n á dìde, wọ́n á tún ìró ara wọn ró nítorí ìbínú, wọ́n á tún jókòó.

Ọmọ wa ló bá ìyá àgbà rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tó tú gbogbo rẹ̀ síta: fíìmù tuntun, ọmọdébìnrin, ìyọ̀ǹda. Màmá pè mí lọ́jọ́ kejì. "Ọkọ mi, ẹ mú ọmọ náà wá. Mo fẹ́ rí ẹni tó fẹ́ ṣe obìnrin yẹn." N kò lè sọ pé rárá fún ìyá mi. A wọ mọ́tò ní Sàngó, àwa mẹ́ta, a gba inú Ọ̀tà kọjá, ọmọ náà ró ìró gẹ́gẹ́ bí ìyàwó mi ṣe pàṣẹ fún un. Èmi ń gbàdúrà kí ọkọ̀ bàjẹ́, ọkọ̀ náà kò bàjẹ́.

A bá Màmá lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí sínú abọ́ rọ́bà tí mo fún wọn. Wọ́n gbàdúrà fún wa dáadáa. Wọ́n wá sọ fún ọmọ náà pé, "Ó yá, ṣe é kí n rí." Ọmọ náà dìde, ó tú ìró, ó nà án, ó ró o, ó lù ú, ó sọ gbólóhùn náà. Ìyàwó mi ti fi ọwọ́ bo ojú. Màmá gbé abọ́ ẹ̀gúsí sílẹ̀, wọ́n di ògiri mú, wọ́n dìde.

"Rárá o," ni wọ́n wí. "Kò rí bẹ́ẹ̀."

Wọ́n tú etí ìró wọn. Ọwọ́ wọn ti darúgbó, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà mọ ibi tó ń lọ. Wọ́n nà án, wọ́n ró o, wọ́n lù ú pẹ́pẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí ọmọ náà. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ bí ẹ ṣe ń ṣe é." Ọmọ náà la ẹnu sílẹ̀. Ó wo Màmá, ó wo ìyàwó mi, ó sì ní, "Màmá, ṣé ẹ̀yin ni..." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ bí ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun.

Màmá kò kà mí sí. Wọ́n ní, "Bí obìnrin yẹn ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ìyá ọkọ mi." Wọ́n kọjú sí ìyàwó mi. "Ìyàwó mi, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ bi ọ́. Ta ló sọ̀rọ̀ ìyá ọkọ mi fún ọ? Ó ti kú kí o tó wọ ilé yìí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i nínú tẹlifíṣọ̀n, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ní wàyí, gbogbo ayé ti rí ohun tí ojú mi rí."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo gbé e mì. Ìyàwó mi kúnlẹ̀ síbi tó wà. Ó ní, "Màmá, kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ó kàn wá sí mi lọ́wọ́ ni." Òótọ́ sì ni.

Màmá jókòó padà, wọ́n fa ọmọ náà mọ́ra. "Èmi náà kéré nígbà náà, kéré bíi tìẹ báyìí. N kò mọ nǹkan kan. Mò ń se ọbẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo máa sè nílé ọkọ, mo kàn gbọ́ pẹ́pẹ́ lẹ́yìn mi. Mo yíjú, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní àwa la mọ̀ bí a ṣe ń ṣe é."

Ọmọ náà ní, "Kí lẹ wá ṣe, Màmá?"

"Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo sunkún sórí ata. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ìgbà tó bá ti fẹ́ ṣe é ni mò ń wo ọwọ́ rẹ̀. Wíwò náà ni mò ń wò ó, ọmọ mi, títí ó fi kú."

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ọwọ́ wọn ti tún wà ní ibi ìró wọn, wọ́n ń lù ú. Wọn kò mọ̀. Ìyàwó mi ń wo ọwọ́ náà, mo sì rí i tí ojú rẹ̀ rọ̀, tí èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, bó ṣe máa ń rí bó bá bọ́ bàtà tó fún un lẹ́sẹ̀ láti àárọ̀. Inú mi dùn, n kò tíì mọ ìdí rẹ̀. A jẹ ẹ̀bà nílé Màmá, ọmọ náà ló tẹ̀ ẹ́. Màmá tọ́ ọ wò, wọ́n dìde, wọ́n tú ìró wọn. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń bi wá pé kí ló ń pa wá lẹ́rìn-ín.

Ìrọ̀lẹ́ ni a sọ̀kalẹ̀ ní Sàngó, àwọn òṣìṣẹ́ ń tú jáde láti àwọn ilé iṣẹ́. Obìnrin kan tó ń sun àgbàdo lẹ́bàá títì rí ìyàwó mi, ó pariwo bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. "Ìyálé! Ìyálé o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bu nǹkan sí àgbàdo mi!"

Mo wo ojú ìyàwó mi. Ó fa ọmọ náà lọ́wọ́, ó tì í síwájú. Ó ní, "Ìyálé nìyí."

Obìnrin náà wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Èyí? Ọmọ kékeré yìí?"

Ọmọ náà tú etí ìró rẹ̀. Ó nà án láìkánjú, ó ró o, ó lù ú pẹ́pẹ́, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ bí ẹ ṣe ń ṣe é," ló wí, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Obìnrin náà fa àtẹ àgbàdo rẹ̀ sẹ́yìn kí ó tó mọ̀ pé òun fà á. Lẹ́yìn tó mí kanlẹ̀, ó yíjú sí ìyàwó mi.

"Ẹ̀yin wá ńkọ́, Mọ́mì?"

"Èmi?" ni ìyàwó mi wí, ó ti ń mú àgbàdo tó jinná jù lọ. "Èmi ni ìyá ọkọ rẹ̀."